Ilé Là Ń Wò: Sísọ Ilé Ibùgbé Àtijọ́ di Ọ́fíìsì Òde Òní

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ni wọ́n ń pa òwe náà fún, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ilé gan-an mu pẹ̀lú. Ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, àwọn ilé alájà wà tí àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n kọ́ wọn ti kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sì ti kó lọ sí ibòmíràn. Òjò ń wọlé láti òkè, ikán ń jẹun láti ìsàlẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, iṣẹ́ wo ni a lè fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe tí kò fi ní í wó? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún un ni pé kí a sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu nínú, nítorí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì lè gba ilé là, ó sì lè pa á.

Ilé méjì ní Èkó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí wọ́n fi hàn pé òfin nìkan kò tó láti dá ilé dúró. Èkíní ni ilé tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar, ní àdúgbò gbàgede Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ní irú ọnà tí àwọn Àgùdà mú ti òkè òkun dé. Ìdílé mìíràn rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó di ọdún 1979, ìjọba tún ṣe òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún náà, èyí tí ó dá àjọ tí ó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, tí ó sì ka wíwó irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Èkejì ni Jaekel House, inú ọgbà Rélùwéè ní Ebúté Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ Rélùwéè tí ó tún kọ ìwé ìtàn Rélùwéè ilẹ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995 fún ìtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, bá ilé-iṣẹ́ Rélùwéè sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé, ṣíwájú iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì di ọdún 2010, ilé tí ó ti ń kú lọ ti dìde. Wọ́n kó àwòrán ìtàn sí i, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé àti ayẹyẹ níbẹ̀.

Èyí tí òfin ń ṣọ́ ni ó wó. Ohun tí ó dá ti Ebúté Mẹ́ta sí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ilẹ̀ náà, ó wà nínú ọgbà tí ọjà kò fún mọ́ra, ó sì rí ẹni tí ó gbà láti máa lò ó. Ti gbàgede Tinúbú wà láàrin ọjà, níbi tí iye owó ilẹ̀ ti ju iye owó ilé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, inú ìdílé tí ó ní àjogúnbá púpọ̀ ni ó sì wà. Bí ilé bá wà ní irú ipò yẹn tí kò mú owó wọlé, òfin kàn ń fún ìdílé ní ẹrù láti rù ni, kò fún wọn ní owó tí wọn yóò fi rù ú.

Àwọn kan wà tí wọn kò ka irú àdánù bẹ́ẹ̀ sí. Wọn a ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ààfin alámọ̀ tí a fi koríko bò ni òwe náà ń sọ. Bí iná bá jó irú ààfin bẹ́ẹ̀, amọ̀ kò jìnnà, àwọn ọ̀mọ̀lé kò tíì kú tán, gbogbo ìlú ni yóò sì jáde láti tún un mọ. Àwọn bíríkìlà tí ó lè fi ọwọ́ ya òdòdó yí fèrèsé po bí àwọn Àgùdà ti ń ṣe kò pọ̀ mọ́ rárá. Ohun tí ó sì sábà máa ń dìde lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ alájà púpọ̀ onígíláàsì, tí kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn máa ń ba àwọn olùfẹ́ ohun àtijọ́, pé bí a bá ti gbé tábìlì àti fáìlì wọ ilé ibùgbé, a ti ba ìṣẹ̀dá rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù náà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ilé Àgùdà àti ti Sàró kì í ṣe ilé oorun nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú púpọ̀ wọn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, òkè ni wọ́n sì ń sùn. Ilé tí wọ́n ń pè ní Casa d'Água, ìyẹn Ilé Omi, ní òpópónà Kakawa, gba orúkọ rẹ̀ nítorí kànga tí ó wà níbẹ̀. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré tí ó sì padà wálé, ni ó ni ín, láti inú ilé náà ni wọ́n sì ti ń ta omi fún ará Èkó. Èdè Yorùbá pàápàá kò ya àwọn nǹkan wọ̀nyí nípá: ibi tí ènìyàn ń gbé, ilé ni, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ ni, àwọn tí ó bí i, ilé náà ni. Irú iṣẹ́ tí a óò ṣe nínú ilé ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ilé alájà onípákó lè gba agbẹjọ́rò mẹ́rin, ó lè gba ayàwòrán ilé, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tàbí ilé-iṣẹ́ kékeré tí ń tẹ ìwé jáde, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wà níbòmíràn. Kò lè gba báǹkì tí ó ń gbé àpótí irin wọlé.

Iṣẹ́ àtúnṣe kì í bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà ni agbaṣẹ́ṣe máa ń kọ́kọ́ fẹ́ rà kí ẹni tí ó ni ilé lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wíwò ni ó ń bẹ̀rẹ̀. A ó wọn ilé náà yàrá sí yàrá, a ó yà á sí orí ìwé, a ó ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀. Bí àyè bá wà, kí a jẹ́ kí òjò ọdún kan rọ̀ lé e lójú ẹni, kí a lè mọ ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tí ó ń gbà lọ, nítorí pé omi tí ó jò ní ìhà ọ̀tún òrùlé lè sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà òsì. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún òrùlé ṣe kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Owó tí a bá ná sórí ilẹ̀ ilé nígbà tí páànù ṣì ń jò, omi ni a dà á sí.

Ibi tí ìbàjẹ́ ti pọ̀ jù lọ ni ara ògiri. Amọ̀ tàbí bíríkì tí a sun ni púpọ̀ nínú àwọn ògiri wọ̀nyí, wọ́n nípọn, ohun tí wọ́n sì fi ń rẹ́ wọn ní àtijọ́ ni láìmù, ìyẹn ẹfun tí a rí nígbà tí a bá sun ìkarahun tàbí òkúta ẹfun nínú iná líle. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi láti inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pa á lára, nítorí pé láìmù ní ihò tíntìntín tí omi náà ń gbà jáde sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí òde òní dé, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára, wọ́n mú sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi rẹ́ ẹ gbirin gbirin. Ó dán fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ògiri tí a fi sìmẹ́ǹtì bò dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ òjò onírọ́bà nínú oòrùn ọ̀sán: òógùn rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Omi tí ó yẹ kí ó gbẹ yóò máa gùn òkè sí i, amọ̀ yóò rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì láìsí ẹni tí ó rí i, títí di ọjọ́ tí odindi awẹ́ ògiri kan yóò ya lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ tí ó wà lára rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò ní ilé àtijọ́ kò lágbára. Ilé lágbára, aṣọ tí a wọ̀ fún un ni kò bá a mu. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a fi sùúrù ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò, kí a jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí a tó fi láìmù rẹ́ ẹ padà, kí ọ̀dà tí a ó kùn sí i sì jẹ́ irú èyí tí kì í dí ihò ògiri.

Ọ̀rọ̀ àjà òkè ni ó kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ́fíìsì fi yàtọ̀ sí ilé ibùgbé. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ní kí a ka nǹkan bí 150 kìlò sí orí mítà kan ní gígùn àti ìbú nínú yàrá tí ènìyàn ń gbé. Ní ti ọ́fíìsì, ìlànà náà ní kí a ka nǹkan bí 250 kìlò. Ní ti yàrá tí a ń kó fáìlì sí, ó tó 500 kìlò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé igi ìrókò tí wọ́n tẹ́ nígbà ayé ọba Dòsùmú láti gbé bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ ni a ń sọ fún pé kí ó gbé ìlọ́po mẹ́ta ẹrù àkọ́kọ́. Bébà kò jọ ohun tí ó wúwo, nítorí pé ìwé kan ṣoṣo ni ènìyàn máa ń mú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kábíńẹ́ẹ̀tì onírin mẹ́fà tí ó kún fún fáìlì, tí a tò sí àárín yàrá lókè, ti tó láti tẹ igi náà kọ dòò.

Kì í ṣe pé kí a wá gé igi àtijọ́ jáde kí a da kọnkéré sórí ògiri amọ̀, nítorí pé ẹrù kọnkéré yóò pa ògiri náà. Ètò ni kí a yí padà. Fáìlì, ìwé àti àpótí irin, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò ti gbé wọn. Tábìlì àti àga ni kí ó wà lókè, kí a sì tò wọ́n sún mọ́ ògiri, nítorí àárín ni igi ti máa ń tẹ̀. Kí káfíńtà tí ó mọṣẹ́ wo orí igi kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti wọ inú ògiri. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin àti ikán ti máa ń pàdé, igi tí ó le kankan láàrin sì lè ti di ìyẹ̀fun níbẹ̀. Bí orí igi bá ti jẹrà, a lè gé ibi tí ó jẹrà nìkan kí a so igi tuntun mọ́ ọn.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Àwọn tí ó kọ́ wọn kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n gbé àjà ga, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣíji bo ògiri, wọ́n ṣe fèrèsé onípákó tí ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí kì í gba òjò, wọ́n sì la gbọ̀ngàn láti iwájú já ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì bá dé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó fi páálí àti pákó pín gbọ̀ngàn náà sí kọ̀rọ̀ mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ kú lọ́jọ́ náà. Ooru dé, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n lu ògiri ní ihò mẹ́fà, ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń da omi sí ara ògiri amọ̀ tọ̀sán tòru. Bí ó bá di dandan kí a pín gbọ̀ngàn, kí ohun tí a ó fi pín in má ga ju orí ènìyàn lọ, kí a sì gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí ó má kan òrùlé. Yàrá kan tàbí méjì tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí ti tó fún ẹ̀rọ amúlétutù, kí páìpù sì gbé omi rẹ̀ lọ sí gọ́tà.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ni kí ó wà. Ilé kékeré tuntun tí a fi ọ̀nà tí a bò lórí so mọ́ ilé ńlá sàn ju kí a máa gbẹ́ páìpù gba inú ògiri amọ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ àti táǹkì omi kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé. Wáyà iná, tuntun ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, inú páìpù tí ó hàn sójú ni kí ó sì gbà. Bí àtẹ̀gùn onígi bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí a fi àtẹ̀gùn irin kan sí ẹ̀yìn ilé, nítorí ìdíwọ̀n ohun àtijọ́ kì í ṣe ìdí tí ènìyàn yóò fi há sínú iná.

Gbogbo nǹkan tuntun wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó ṣeé tú kúrò lọ́jọ́ iwájú láìsí pé ilé fara pa. Àwọn onímọ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n pàdé ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1964 fẹnu kò pé ó dára kí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó wúlò fún àwùjọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ yí ètò ilé àti ọ̀ṣọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n tún ní kí ohun tí a bá fi rọ́pò èyí tí ó sọnù bá ìyókù mu, síbẹ̀ kí ẹni tí ó bá wò ó lè mọ̀ pé tuntun ni. Ní Calabar, ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1884, tí wọ́n gbé igi rẹ̀ ní awẹ́ awẹ́ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ọdún 1986. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ ṣì lè mọ̀ pé ilé ni òun wọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù kò sí lára igi àti amọ̀. Ó wà lára àwọn ènìyàn tí ó ń gbé inú ilé. Ìlú Salvador ní Bahia, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà ti padà wálé, jẹ́ àpẹẹrẹ. UNESCO ka àárín ìlú náà, níbi tí Pelourinho wà, mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1985. Ní ọdún 1987, wọ́n fi ilé ńlá kan níbẹ̀ ṣe ibi tí a ń tọ́jú ìwé Jorge Amado, iṣẹ́ náà sì yẹ ilé náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1992, nígbà tí ìjọba Bahia bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé Pelourinho ṣe ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n fún àwọn tálákà tí ó ń gbé inú wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, ní owó díẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Ilé gba ọ̀dà aláràbarà, ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ gba ilé, àwọn onílé kò sí ńbẹ̀ mọ́. Ní Havana, ní Cuba, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1993, ìjọba fún ọ́fíìsì òpìtàn ìlú, tí Eusebio Leal jẹ́ olórí rẹ̀, ní àṣẹ láti máa dá òwò ṣe nínú àwọn ilé àtijọ́, kí ó sì máa fi èrè rẹ̀ tún ilé mìíràn ṣe, títí kan ilé tí àwọn ará àdúgbò ń gbé. Kò tó fún gbogbo ilé tí ó ń wó, ṣùgbọ́n owó ilé padà sára ilé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun kan tún wà tí Venice kò mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni ojú oórì wà nínú wọn. Yàrá tí agbaṣẹ́ṣe fẹ́ gbẹ́ láti fi páìpù sí lè jẹ́ ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá ìdílé sí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, ó yẹ kí a pe àwọn àgbà ilé jọ, kí wọ́n fi ọwọ́ hàn wá ibi tí ó wà. Yàrá náà kò gbọ́dọ̀ sí lára ohun tí a ó yá ọ́fíìsì. Bí ìyá àgbà kan bá sì ṣì ń gbé ìyẹ̀wù ẹ̀yìn, kò sí ohun tí ó ní kí ọ́fíìsì má gba iwájú nìkan. Ilé náà ti gbé òwò àti oorun pọ̀ rí.

Ọ̀nà tí ó sábà máa ń bá ìdílé aláìlówó lára mu ni pé kí wọ́n yá ẹni tí yóò lo ilé náà fún ọdún gígùn, kí ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, kí wọ́n sì yọ iye tí ó ná kúrò nínú owó ilé. Bí àjogúnbá bá pọ̀, kí gbogbo ẹ̀ka ìdílé fọwọ́ sí ìwé náà, kì í ṣe àrẹ̀mọ nìkan, nítorí pé ẹni tí kò fọwọ́ sí i lónìí ni yóò mú ẹni tí ń ra ilẹ̀ wá lọ́la. Kí ìwé náà ka àwọn ohun tí ayálégbé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: ọ̀ṣọ́ ara ògiri, fèrèsé, àtẹ̀gùn, ojú oórì. Kí ó sọ ọjọ́ tí ìdílé lè wọlé fún ìrántí àwọn òkú wọn. Kí ó sì dárúkọ ẹni tí yóò máa gun òkè ní oṣù Kejì ọdọọdún láti gbá ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.